Ìdí Tí Géèmù Ọdún 1999 Kò Fi Gbó: Ẹ Jẹ́ Ká Tú Ikùn RPG Onítàn Wò

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1999, Black Isle Studios, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, gbé géèmù kan jáde tí wọ́n pè ní Planescape: Torment. CD mẹ́rin ló wà nínú páálí rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ kò ju 640 lọ́nà 480 lọ. Fóònù Android tí ò wọ́n rárá lónìí ń gbé àwòrán tó mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ jáde. Ìjà inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ohun tó pọ̀ níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀: nǹkan bí 800,000 ọ̀rọ̀ tí ẹ máa fi ojú yín kà. Nígbà tó jáde, kò tà débi tí Baldur's Gate, tó jáde lọ́dún kan ṣáájú rẹ̀, tà dé.

Síbẹ̀, lọ́dún 2017, ilé-iṣẹ́ Beamdog ní Kánádà tún un ṣe, wọ́n gbé e jáde fún kọ̀ǹpútà àti fóònù. Di òní yìí, bí àwọn tó mọ géèmù bá ń ka orúkọ àwọn géèmù tí ìtàn wọn dùn jù, ó ṣòro kí wọ́n fo èyí.

Kí ló fà á? Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fún mi ni pé ìrántí ìgbà èwe ni, pé ohun tí èèyàn bá fi ṣeré ní kékeré kì í tán lọ́kàn rẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Àwọn tí wọn ò tíì bí lọ́dún 1999 ń gbá géèmù yìí lónìí, ó sì ń mú wọn sunkún. Ìrántí èwo ni tiwọn? Lójú tèmi, inú iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ṣe géèmù náà ni ìdí rẹ̀ wà, a sì lè tú u palẹ̀ wò bí ẹni tú rédíò. Mo máa sọ díẹ̀ nínú àṣírí ìtàn náà o, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ kọ́kọ́ gbá a, kó lọ gbá a kó tó padà wá.

Orí tábìlì ló ti bẹ̀rẹ̀

RPG ni wọ́n ń pe géèmù tí èèyàn ti máa ń gbé ìwà ẹlòmíràn wọ̀, tó sì ń ṣe ìpinnu lórúkọ ẹni náà. Kọ̀ǹpútà kọ́ ló bí i. Lọ́dún 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson, ọmọ Amẹ́ríkà méjèèjì, gbé Dungeons & Dragons jáde. Orí tábìlì ni wọ́n ti ń ṣe é, pẹ̀lú ìwé, pẹ́ńsùlù àti dáìsì. Ẹnì kan máa jẹ́ olùdarí, òun ló ń sọ ìtàn. Àwọn yòókù á máa sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n á da dáìsì olójú 20, olùdarí á sì sọ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Nǹkan méjì ló so eré yìí ró. Èkíní ni nọ́ńbà: agbára yín jẹ́ mélòó, ọgbọ́n yín jẹ́ mélòó, òye yín jẹ́ mélòó. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ẹnu: ẹ lè sọ ohunkóhun, olùdarí á wá èsì sí i. Nígbà tí kọ̀ǹpútà fẹ́ gba ipò olùdarí, ó mọ nọ́ńbà dáadáa, àbí kí ni kọ̀ǹpútà mọ̀ jù ú lọ? Ọ̀rọ̀ ẹnu ni kò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ RPG ìbẹ̀rẹ̀ fi jẹ́ ìjà ṣáá: pa iwin, kó owó, ra idà, pa iwin tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹni tó kọ́kọ́ yí nǹkan padà gan-an ni Richard Garriott, tó ṣe Ultima IV lọ́dún 1985. Nínú géèmù yẹn, kò sí ọ̀tá ńlá kan tí ẹ máa pa kí ìtàn tó parí. Ìwà rere mẹ́jọ ni ẹ gbọ́dọ̀ fi ṣèwà hù. Ibi tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni ti ẹnì kan tó fọ́jú, tó ń ta èròjà oògùn. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ka owó lé e lọ́wọ́. Ẹ lè san owó tí kò pé, kò ní mọ̀, kò sì ní pariwo. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà rí yín. Á yọ díẹ̀ kúrò nínú òótọ́ inú yín láìsọ fún yín, ó sì di ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ jẹ́ ẹni rere kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Nọ́ńbà tó wà fún ìjà tẹ́lẹ̀ ti di nọ́ńbà tó ń wọn ìwà.

Bí géèmù ṣe ń rántí

Báwo wá ni kọ̀ǹpútà ṣe ń rántí ohun tí ẹ ṣe? Ó rọrùn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá yan ọ̀rọ̀ kan, géèmù lè fi àmì kékeré kan síbì kan nínú fáìlì rẹ̀: 1 bí ẹ bá ṣe é, 0 bí ẹ ò bá ṣe é. Àwọn tó ń kọ kóòdù ń pe àmì yìí ní flag. Bí ẹ bá dé ìlú mìíràn ní wákàtí mẹ́wàá lẹ́yìn náà, tí ẹ pàdé ẹ̀gbọ́n ẹni tí ẹ rẹ́ jẹ, géèmù á kàn yẹ àmì yẹn wò. Tó bá jẹ́ 1, ẹ̀gbọ́n náà á sọ̀rọ̀ sí yín lọ́nà kan; tó bá jẹ́ 0, á sọ̀rọ̀ sí yín lọ́nà mìíràn.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni ti ìṣirò. Ká sọ pé ìpinnu bẹ́ẹ̀ni-tàbí-bẹ́ẹ̀kọ́ mẹ́wàá ló wà nínú ìtàn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń la ọ̀nà tuntun. Ọ̀nà tí ìtàn lè gbà parí á di 1,024. Tí ìpinnu bá di 20, ọ̀nà á di 1,048,576. Kò sí òǹkọ̀wé tó lè kọ òpin ìtàn mílíọ̀nù kan, kó tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dá ayé.

Nítorí náà, àwọn tó ń ṣe géèmù máa ń ṣe nǹkan kan: wọ́n á jẹ́ kí ọ̀nà pín, lẹ́yìn náà wọ́n á jẹ́ kó tún pàdé. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ lè gba ọ̀nà odò, ẹ lè gba ọ̀nà oko, ọjà kan náà lẹ máa dé. Ṣùgbọ́n ẹrù tí ẹ rù dé ọjà kò ní jọra. Àmì tí géèmù ti kọ sílẹ̀ ni ẹrù yẹn.

Àwọn kan máa ń bínú tí wọ́n bá mọ èyí. Wọ́n á ní, "Ṣé ẹ rí i, ẹ̀tàn ni. Ibi kan náà ni gbogbo wa ń lọ." Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Fallout, tí ilé-iṣẹ́ Interplay gbé jáde lọ́dún 1997. Ogun átọ́míìkì ti ba ayé jẹ́, àwọn èèyàn ń gbé inú ihò abẹ́ ilẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fọ omi wọn mọ́ sì bàjẹ́. Wọ́n rán yín jáde, wọ́n fún yín ní ọjọ́ 150 láti wá òmíràn wá. Níkẹyìn, ẹ máa pàdé ẹ̀dá kan tí wọ́n ń pè ní Master, tó fẹ́ sọ gbogbo èèyàn di ẹ̀yà tuntun tó lágbára ju tiwa lọ. Ẹ lè bá a jà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti wádìí kiri dáadáa, tí ẹ sì ti rí ẹ̀rí pé ẹ̀yà tuntun yẹn kò lè bímọ, ẹ lè gbé ẹ̀rí náà síwájú rẹ̀. Á yẹ̀ ẹ́ wò, á rí i pé òótọ́ ni, pé gbogbo ìkà tí òun ti ṣe já sí asán, á sì pa ara rẹ̀.

Ọ̀nà méjèèjì, Master kú. Ọjà kan náà ni. Ṣé ẹnikẹ́ni á wá sọ pé ẹni tó yìnbọn àti ẹni tó fi òtítọ́ ṣẹ́gun ti gbé ìtàn kan náà? Ó tì o.

Nínú Fallout kan náà, tí ẹ bá fi òye ẹni yín sí 3 tàbí kó kéré sí i, nínú 10, ẹni yín ò ní lè sọ̀rọ̀ tó já geere. Kíkùn ni yóò máa kùn ṣáá. Àwọn ará ìlú á máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, àwọn mìíràn á lé e dànù. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ẹ yí, gbogbo ayé sì yí ojú padà sí yín.

Ọ̀rọ̀ kan náà, inú méjì

Ẹ jẹ́ ká padà sórí Planescape: Torment, tí Chris Avellone jẹ́ aṣáájú àwọn tó ṣètò rẹ̀. Nínú rẹ̀, ẹ kì í yan pé ẹni rere tàbí ẹni burúkú ni yín ní ìbẹ̀rẹ̀. Àárín gbùngbùn lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, ìwà tí ẹ bá ń hù ló máa fà yín síbìkan. Ọgbọ́n àti òye sì wúlò níbẹ̀ ju agbára apá lọ, torí pé àwọn ló ń ṣí ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ò ní rí rárá. Kódà ọ̀tá ìkẹyìn, ẹ lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu borí rẹ̀.

Nǹkan kékeré kan wà níbẹ̀ tí mo kà sí ọgbọ́n tó ga jù. Nígbà mìíràn, ẹnì kan á bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣèlérí fún òun. Géèmù á gbé ìdáhùn méjì síwájú yín, ọ̀rọ̀ inú méjèèjì á sì bára mu láìyẹ̀ lẹ́ta kan. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n kọ ọ́ síwájú ọ̀kan pé òótọ́ ni, wọ́n sì kọ ọ́ síwájú èkejì pé irọ́ ni. Ohun kan náà ni ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ máa gbọ́. Bóyá ohun kan náà ló sì máa ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n géèmù ti bi yín ní ìbéèrè tí fíìmù ò lè bi yín láé: nígbà tí ẹ sọ ọ̀rọ̀ yẹn, kí ló wà nínú yín?

Ibẹ̀ ni idán náà wà. Tí ẹ bá ń ka ìwé ìtàn, tí akọni inú rẹ̀ purọ́, ẹ lè máa bínú sí i, ọwọ́ yín mọ́. Nínú géèmù, ìka yín ló tẹ irọ́ náà.

Ìdí tí akọni fi gbàgbé orúkọ ara rẹ̀

Akọni Torment kò lórúkọ. Orí pẹpẹ ilé òkú ló ti jí, nínú ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Sigil. Àpá kún ara rẹ̀, kò sì rántí nǹkan kan. Tó bá kú, á tún jí. Ó ti wà láyé nígbà púpọ̀, ìgbà kọ̀ọ̀kan sì ni ìwà rẹ̀ ń yàtọ̀.

Ó jọ nǹkan inú fíìmù lásán, ṣùgbọ́n ìṣòro gidi kan ló yanjú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tan géèmù kò mọ nǹkan kan nípa ayé inú rẹ̀, nígbà tó sì yẹ kí akọni mọ̀ ọ́n torí ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Tí akọni bá ti gbàgbé, àìmọ̀ tiyín àti àìmọ̀ tirẹ̀ di ọ̀kan náà. Ìbéèrè tí ẹ bá bi ará ìlú kò ní dà bí ìbéèrè òmùgọ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn òǹkọ̀wé náà ò dúró síbẹ̀. Jagunjagun àgbà kan wà tó ń jẹ́ Dak'kon, tó ń tẹ̀lé yín kiri. Ó ti búra pé òun á sin yín títí ẹ ó fi kú. Ó pẹ́ kẹ́ ẹ tó mọ ohun tó bí ìbúra náà: nígbà kan rí, ọkàn Dak'kon dàrú, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ń yẹ̀, ó ń kú lọ. Ẹ̀yin, nínú ayé yín àtijọ́, fún un ní ohun tó mú ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Ó jọ oore. Kì í ṣe oore. Idà rẹ̀ lẹ fẹ́ lò, ẹ sì mọ̀ pé ẹ kì í kú, nítorí náà ìbúra rẹ̀ kò ní tán láé. Ẹrú lẹ fi ṣe.

Ẹ ò rántí pé ẹ ṣe é. Ọwọ́ yín kọ́ ló tẹ ìyẹn. Ṣùgbọ́n òun nìyí níwájú yín, tó ń rìn lẹ́yìn yín lójoojúmọ́, àǹfààní rẹ̀ lẹ sì ń jẹ. Kí lẹ máa ṣe? Ẹ lè jókòó tì í kẹ́ ẹ jọ ka ìwé ìgbàgbọ́ rẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè fúyẹ́. Ẹ sì lè dákẹ́ kẹ́ ẹ máa lo idà rẹ̀ lọ. Mi ò mọ géèmù olówó gọbọi kan tó bi mí ní irú ìbéèrè yìí: gbèsè tí ẹni tí o jẹ́ lánàá jẹ, ṣé ìwọ òní ló máa san án?

Ọ̀rọ̀ kò wọ́n, ohùn ló wọ́n

Kí ló dé tí àwọn géèmù olówó ńlá kì í sábà ṣe báyìí mọ́? Owó wà lára rẹ̀. Nígbà tí géèmù bá jẹ́ kíkà, tí òǹkọ̀wé bá ronú kan ọ̀nà tuntun lálẹ́, ó lè kọ ọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Tí gbogbo gbólóhùn bá gbọ́dọ̀ ní òṣèré tó máa sọ ọ́, tí ojú àti ẹnu gbọ́dọ̀ máa mì bí ti èèyàn, gbólóhùn kan ti di owó ńlá nìyẹn. Ọ̀nà tó jẹ́ pé ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ló máa rí i, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ gé dànù.

Àwọn tó fẹ́ràn irú eré yìí kò sì dákẹ́. Lọ́dún 2012, ilé-iṣẹ́ Obsidian bọ́ sórí Kickstarter, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe RPG onítàn bíi ti àtijọ́, wọ́n sì béèrè $1.1 mílíọ̀nù. Èèyàn tó lé ní 70,000 ló dáwó, owó náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé $4 mílíọ̀nù. Pillars of Eternity ló di lọ́dún 2015.

Lọ́dún 2019, Robert Kurvitz àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ti Estonia wá, gbé Disco Elysium jáde. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan. Akọni rẹ̀ jẹ́ ọlọ́pàá kan tó mutí yó tó fi gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. Ẹ rí i pé ọmọ bíbí inú Torment ni. Ẹ̀bùn 24 ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń bá a sọ̀rọ̀ nínú ọpọlọ rẹ̀. Dáìsì méjì olójú mẹ́fà ló ń pinnu nǹkan. Ká sọ pé iṣẹ́ kan ń béèrè 12, ẹ̀bùn yín sì jẹ́ 4: dáìsì gbọ́dọ̀ fún yín ní 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀nà 36 tí dáìsì méjì lè gbà balẹ̀, 15 péré ló máa fún yín, ìyẹn nǹkan bíi 42 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí ẹ bá fi ẹyọ kan kún ẹ̀bùn yín, á di 21 nínú 36, ìyẹn 58. Ẹyọ kan yẹn ló gbé yín kúrò ní "ó ṣeé ṣe kó má bọ́ sí i" dé "ó ṣeé ṣe kó bọ́ sí i." Ìdí nìyẹn tí àyà èèyàn fi máa ń já pà kó tó tẹ bọ́tìnì. Ohun tó tún dùn níbẹ̀ ni pé bí ẹ bá kùnà, ìtàn ò ní dúró. Nígbà mìíràn ìkùnà yẹn gan-an ló máa ń pani lẹ́rìn-ín jù.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Larian ní Bẹ́ljíọ̀mù sì gbé Baldur's Gate 3 jáde lọ́dún 2023, òun ló gba ipò géèmù ọdún náà ní The Game Awards. Ẹ̀rọ tuntun, àwòrán tuntun, ṣùgbọ́n egungun inú rẹ̀, dáìsì àti àmì àti ọ̀nà tó ń pín tó tún ń pàdé, egungun àtijọ́ ni.

Àwa ńkọ́?

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ nìyí. Géèmù tó ń yá wa lórí, a máa ń rò pé àfi ilé-iṣẹ́ tó ní ọgọ́rùn-ún èèyàn àti kọ̀ǹpútà olówó iyebíye. Fún àwòrán, bẹ́ẹ̀ ni. Fún RPG onítàn, rárá. Egungun tí mo tú palẹ̀ fún yín yìí, ọ̀rọ̀ àti àmì 0 àti 1 ni. Twine wà, tí Chris Klimas gbé jáde lọ́dún 2009, ọ̀fẹ́ ni. Fáìlì ojú-ewé wẹ́ẹ̀bù ló máa ń fi ṣe géèmù yín, fóònù lásán á sì ṣí i láìjẹ dátà púpọ̀. Ẹ lè fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ kọ Yorùbá sínú rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Èdè wa sì ní irinṣẹ́ kan tí àwọn tó kọ Torment kò ní. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe ọba, tí wọ́n fi ń pe ọmọdé, nígbà tí wọ́n bá ń bá wọn sọ̀rọ̀. Àwa ní "o", a ní "ẹ". Ẹ fojú inú wo bàbá arúgbó kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú ìdáhùn méjì níwájú yín:

"Ẹ kú ìjókòó, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ̀nà odò hàn mí."

"Bàbá, fọ̀nà odò hàn mí."

Ìbéèrè kan náà, odò kan náà. Ṣùgbọ́n bàbá ti gbọ́ irú ọmọ tí ẹ jẹ́, géèmù sì ti kọ 1 tàbí 0 sílẹ̀. Ní wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn náà, tí ẹ bá dé ilé kan lóru tí òjò ń rọ̀, tó wá jẹ́ pé ọmọ bàbá yẹn ló máa ṣílẹ̀kùn, ẹ̀yin náà á mọ ohun tí ẹ gbìn. Géèmù yìí ò tíì sí. Ẹni tó máa kọ ọ́ kò nílò ju lápútọ́ọ̀pù àlòkù, iná díẹ̀, àti ètí tó ń gbọ́ bí àwa èèyàn ṣe ń bára wa sọ̀rọ̀.